Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú kíkó páálí àti bébà àlòkù jọ fún àtúnlò

Omi ló ń ba páálí jẹ́ jù. Àwọn kan tilẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ wọ́n omi sí ìdì páálí kí ó lè tẹ̀wọ̀n. Ẹ má dán an wò. Oníbàárà ní irin tó ń ki bọ àárín ìdì láti wọn ọ̀rinrin, 10% ni wọ́n sì sábà máa ń gbà. Bí ìdì yín bá jẹ́ 1,000 kílò, tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 25%, 750 kílò péré ni páálí gbígbẹ inú rẹ̀. Tí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ padà sí 10%, owó 833 kílò lẹ máa gbà, ìyẹn bí wọn kò bá dá ọkọ̀ padà. Ìdì tó tutù kì í tètè gbẹ nínú. Á bu, á máa rùn, fọ́nrán rẹ̀, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín tó para pọ̀ di páálí, á jẹrà. Orí pálẹ́ẹ̀tì onígi, lábẹ́ òrùlé, ni kí ẹ tò ó sí. Tapólì nìkan kò tó, nítorí ilẹ̀ náà ń gbé omi wá.

Epo ló tẹ̀lé e. Inú àgbá ńlá tí wọ́n ń pè ní pulper ni wọ́n ti ń fi omi po páálí títí fọ́nrán rẹ̀ yóò fi tú ká. Omi kì í wẹ epo kúrò, ibi tí epo bá sì wà, fọ́nrán kì í lẹ̀ mọ́ra wọn. Bébà tí wọ́n fi di àkàrà kò wúlò mọ́. Ti páálí pizza, ẹ ya ìdérí tó gbẹ sọ́tọ̀, kí ẹ da ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù.

Ẹ ṣọ́ra fún páálí ẹja yìnyín pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n fi ìda tàbí ike bò. Ẹ kán omi sí i lára: bí kò bá fà á mu, ẹ yọ ọ́ kúrò. Páálí júùsì ní ike, òmíràn tún ní alumíníọ́ọ̀mù. Kò bá páálí lásán lọ.

Ẹ má da bébà A4 funfun pọ̀ mọ́ páálí. Owó tirẹ̀ ga jù, ẹnikẹ́ni kò sì lè ṣa fọ́nrán aláwọ̀ ilẹ̀ kúrò nínú funfun. Ìdàpọ̀ àti ìdọ̀tí ló jẹ́ kí Ṣáínà fi òté lé bébà àlòkù tó ń wọlé lọ́dún 2018, pé ìdọ̀tí inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 0.5% lọ.

Ẹ má gé páálí wẹ́wẹ́ nítorí àyè. Ńṣe ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Gígé ń ké fọ́nrán kúrú, bẹ́ẹ̀ ó ti ń kúrú fúnra rẹ̀ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá tún un lò.

Pín-ín-nì kéékèèké kò yẹ kó jẹ ọjọ́ yín: mágínẹ́ẹ̀tì àti asẹ́ ilé iṣẹ́ á mú un. Téèpù, náílọ́ọ̀nù àti fóòmù ni kí ẹ yọ, torí téèpù àti náílọ́ọ̀nù máa ń lọ́ mọ́ abẹ pulper.