Ẹ Má Tíì Tan Ẹ̀rọ: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ìwádìí Àrùn Ikùn àti Ọ̀nà Ọ̀fun

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ wa gbé èsì ìwádìí rẹ̀ wá bá mi, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní nǹkan àrà ṣẹlẹ̀: nínú gbogbo àwọn tí inú ń run tí òun yẹ èémí wọn wò, agbára káká ni òun fi rí ẹni tó ní kòkòrò ọgbẹ́ inú, Helicobacter pylori (H. pylori), lára. Ó ti ń ronú àkọlé tí yóò fún un. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í: oògùn wo ni wọ́n ń lò ní ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú àyẹ̀wò náà? Ó wò mí lójú, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó tún wò mí lójú. Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀.

Owó ti wọgbó nìyẹn. Irú èyí tí mo ti rí kò lóǹkà, ó sì ti sú mi. Mo ń kọ ọ́ láti kìlọ̀, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, mo tún ń kọ ọ́ kí ara lè tù mí. N kò ní í ṣàlàyé ohun tí H. pylori jẹ́ o. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn, kí ni owó ìwádìí ń ṣe lọ́wọ́ rẹ̀?

Àṣìṣe kìíní: àìbéèrè oògùn. Omeprazole àti àwọn ẹbí rẹ̀, lansoprazole, pantoprazole, esomeprazole (àwọn tí oníṣègùn ń pè ní PPI), iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: wọ́n ń ti ẹ̀rọ tó ń tú ásíìdì sínú ikùn pa. Tí ásíìdì bá ti lọ sílẹ̀, kòkòrò náà á dín kù, á kúrò ní apá ìsàlẹ̀ àpò ikùn níbi tí ẹ ti ń wá a, á lọ forí pamọ́ sókè. Kò kú o. Ó kàn dákẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀, ariwo rẹ̀ ni àyẹ̀wò èémí gbára lé: ẹni náà mu urea tí a fi carbon-13 sàmì sí, kòkòrò fọ́ urea náà, èéfín rẹ̀ gba ẹnu jáde, ẹ̀rọ sì kà á. Kòkòrò tó dákẹ́ kì í fọ́ urea tó bó ṣe yẹ. Ẹ̀rọ yóò ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ̀yin náà yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò urease (èròjà tí kòkòrò fi ń fọ́ urea) tí wọ́n ń ṣe lójú ẹsẹ̀ lórí ẹran tí a gé nínú ikùn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin rẹ̀ kò ṣòro: ọ̀sẹ̀ méjì láìlo àwọn oògùn ásíìdì wọ̀nyí, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìlo oògùn apakòkòrò tàbí bismuth.

Ẹ ti mọ òfin yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ ṣe ń béèrè ni wàhálà wà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Ṣé ẹ̀ ń lo PPI?" Ta ló ń jẹ́ PPI? Ẹlòmíràn tiẹ̀ kọ "Oògùn: Bẹ́ẹ̀ ni tàbí Bẹ́ẹ̀ kọ́", ó sì rò pé òun ti ṣiṣẹ́.

Èmi gan-an ni ẹlòmíràn yẹn. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo ti yẹ àwọn tó lé ní ogójì wò pẹ̀lú ìbéèrè kúkúrú yẹn. Lọ́jọ́ kan, mo ń sin màmá àgbàlagbà kan dé ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn àyẹ̀wò. Màmá ṣí pọ́ọ̀sì, wọ́n yọ kápúsù kan, wọ́n jù ú sẹ́nu.

"Màmá, kí nìyẹn?"

"Èyí? Ọmọ mi, èyí kì í ṣe oògùn. Ohun tí mo fi ń dúró ni."

Wọ́n ti ń lò ó lójoojúmọ́ láti ọdún mẹ́ta. Mo padà sínú ọ́fíìsì, mo jókòó, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo gbé fóònù, mo ń pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú ń tì mí láti sọ iye àwọn tó ní, "Àà, ìyẹn? Mo ń lò ó o, ẹ ò ṣáà béèrè." Ọ̀gá mi kò bínú. Wọ́n kàn ní kí n fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà sí àwọn tó fún wa lówó. Ìbá sàn kí wọ́n bínú.

Láti ọjọ́ náà, bí mo ṣe ń béèrè nìyí: "Kí lẹ máa ń gbé mì tí àyà bá ń ta yín tàbí tí inú bá ń run yín?" Mo tún máa ń ní kí wọ́n kó gbogbo páálí àti sáṣẹ́ẹ̀tì tó wà nílé wá, tẹ́ni tó rò pé kò sí nǹkan kan nílé náà. Màá tún béèrè lọ́jọ́ àyẹ̀wò gan-an, torí ọ̀sẹ̀ méjì gùn.

Ó gùn lóòótọ́. Ẹni tó ti ń lo oògùn yìí fún oṣù púpọ̀, tó bá dá a dúró lójijì, ásíìdì máa ń padà dé pẹ̀lú ìbínú. Àyà á ta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí ẹ kò bá sọ fún un ṣáájú, á yọ́ gbé ọ̀kan mì lálẹ́, á sì sọ fún yín láàárọ̀ pé òun kò fẹnu kàn án. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ó lè lo oògùn oní-chalk tó ń pa ásíìdì lójú ẹsẹ̀, ìyẹn kì í ba àyẹ̀wò jẹ́ bíi tàwọn yòókù. Ẹ má sì dá oògùn ẹnikẹ́ni dúró láì jẹ́ pé dókítà rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ẹni tí ọgbẹ́ inú rẹ̀ ti ṣẹ̀jẹ̀ rí, tàbí tó ń lo aspirin nítorí ọkàn rẹ̀, oògùn yẹn lè jẹ́ òun ló ń dá a sí.

Àṣìṣe kejì: fífi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mọ̀ bóyá kòkòrò ti kúrò. Àmì tí ara fi ń jà máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún lẹ́yìn tí kòkòrò ti lọ. Èémí tàbí ìgbẹ́ ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn oògùn apakòkòrò tó kẹ́yìn.

Àṣìṣe kẹta: ahun nídìí gígé ẹran. Ẹ ti rí owó ra kámẹ́rà, ẹ ti ti rọ́bà gba ọ̀fun ènìyàn kọjá, ẹ wá gé ègé kan ṣoṣo, ẹ fà á jáde. Láti ọdún 1994 ni ìlànà Sydney tí wọ́n tún ṣe ti ní kí á gé márùn-ún: méjì ní apá ìsàlẹ̀ àpò ikùn, méjì ní àárín rẹ̀, ọ̀kan ní ibi tó ti ṣẹ́ kọ́rọ́. Kí igò wọn sì yàtọ̀ síra! Tí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú igò kan, ẹni tó ń wo awò kò lè sọ ibi tí àrùn wà. Ti àrùn Barrett, níbi tí ásíìdì ti yí awọ inú ọ̀nà ọ̀fun padà, ègé mẹ́rin yíká ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà méjì ni. Ti ọ̀fun wíwú tí eosinophil (irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan) ń fà, ó kéré tán mẹ́fà, láti òkè àti ìsàlẹ̀, torí àrùn yẹn kì í tẹ́ bí ẹní. Ó máa ń wà níbí, kó má sí lọ́hùn-ún.

Tí RNA, ìsọfúnni àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì, lẹ fẹ́ yọ nínú ẹran náà, ẹ má jù ú sínú formalin, omi tí a fi ń pa ẹran mọ́.

Ìkẹrin ni ìkánjú nídìí gbígbin kòkòrò. H. pylori kò fẹ́ afẹ́fẹ́ tí èmi àtiyín ń mí. Ọ́síjìn bíi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló bá a lára mu. Ẹni tó ń ṣí àpótí lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́ láti yọjú wò ó, òun ló ń pa á. Ẹ sì ní sùúrù. Ní Perth, ní Australia, ní 1982, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń dúró kí wọ́n tó da àwo Barry Marshall àti Robin Warren, àwọn dókítà tó ṣàwárí kòkòrò yìí, nù, wọn kò sì rí nǹkan kan. Ọlidé Àjíǹde dé, àwo wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún, kòkòrò sì hù. Ẹ̀bùn Nobel dé bá wọn ní 2005. Ẹ̀yin ń da tiyín nù ní ọjọ́ kẹta. (Marshall tún gbé ife kòkòrò náà mu ní 1984 láti fi hàn pé òótọ́ lòun ń sọ. Ẹ má gbìyànjú ẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń fún ìwádìí láṣẹ kò ní í ka ìwé yín dé ojú ewé kejì.)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀kelòó la dé? Kò burú.

Sẹ́ẹ̀lì tí a gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Èyí máa ń dùn mí. Ní 2010, àwọn olùwádìí tú àṣírí pé mẹ́ta nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ayé ń lò gẹ́gẹ́ bíi jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun kì í ṣe ti ọ̀nà ọ̀fun rárá: SEG-1 jẹ́ ti ẹ̀dọ̀fóró, BIC-1 jẹ́ ti ìfun ńlá, SK-GT-5 jẹ́ ti ikùn. Ìwé ìwádìí tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló ti dúró lórí wọn. Síbẹ̀ ẹnìkan á ṣí fìríìsà ọ̀rẹ́ rẹ̀, á mú igò tí orúkọ ara rẹ̀ ti ń pa rẹ́, á sì fi ọdún méjì ayé rẹ̀ lé e. Àyẹ̀wò STR, èyí tó ń fi DNA mọ ẹni tí sẹ́ẹ̀lì ti wá, kò gbówó lórí tó ọdún méjì. Ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tún ṣe é láàárín.

Èkúté kì í bì, apá iwájú ikùn rẹ̀ sì jọ awọ; ẹ má gé ibẹ̀ kẹ́ ẹ wá pè é ní ikùn ènìyàn.

Okùn tó ń ka ásíìdì ní ọ̀nà ọ̀fun fún wákàtí mẹ́rìnlélógún: sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí òkè iṣan tó ń ti ẹnu ikùn ni ẹ̀rọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Ẹ wọn ibẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ manometry tó ń wọn agbára iṣan, ẹ má fojú bù ú. Kẹ́ ẹ sì bẹ aláìsàn kó jẹun, kó rìn, kó ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Ọ̀pọ̀ wọn ni ojú máa ń tì nítorí rọ́bà imú, wọ́n á jókòó sílé, wọn ò ní jẹun, ásíìdì náà á sì jókòó tì wọ́n. Tí àkókò tí ásíìdì fi wà ní ọ̀nà ọ̀fun bá wá wà láàárín ìdá mẹ́rin sí mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, èsì yẹn kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe àlàáfíà. Ẹ wá ẹ̀rí mìíràn kún un, ẹ má fagbára sọ ọ́ di èyí tó wù yín.

Ọ̀dọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti ń pe àwọn ènìyàn tirẹ̀ padà báyìí. Ní àná ló fi ìwé ìbéèrè tuntun ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun wò ó. Ìbéèrè àkọ́kọ́: "Ṣé ẹ̀ ń lo PPI?"

Mo ti dá a padà.