Bí mo ṣe fọwọ́ ara mi tún tráfíkétọ̀ Corolla mi ṣe

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi wa ọkọ̀ tí ò lè ṣẹ́jú sí òsì káàkiri Ìbàdàn, àfi kí n máa na ọwọ́ síta bíi dírẹ́bà bọ́lẹ̀kájà. Lọ́jọ́ kan mo ń bọ̀ láti Dùgbẹ̀, mo fẹ́ yà ní Mọ́kọ́lá, mo tẹ ọwọ́ tráfíkétọ̀ wálẹ̀, kò dáhùn, mo bá yà bẹ́ẹ̀. Micra tó wà lẹ́yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú búùtù mi. Dírẹ́bà ẹ̀ yọrí síta: "Mọ̀mí, ṣé ká máa lá a lálàá pé ẹ fẹ́ yà ni?" Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ó pa mí lẹ́rìn-ín.

Ríwáyà àdúgbò wa ní fláṣà, ìyẹn ohun tó ń mú kí iná máa ṣẹ́jú, ló kú, ó gba ₦4,500, ó pààrọ̀ ẹ̀. Ọjọ́ kejì, ibi tá a wà náà la tún wà. Ohun tó ń dùn mí ni pé gbogbo ìgbà yẹn, tí mo bá tẹ hazard, iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣẹ́jú dáadáa. Nínú ọkọ̀ tèmi, fláṣà kan ṣoṣo ló ń bá hazard àti tráfíkétọ̀ ṣiṣẹ́, tí hazard bá ti ń ṣẹ́jú, a jẹ́ pé fláṣà ò kú, gúlóòbù apá òsì ò kú, wáyà tó lọ bá a náà ò já. Ọ̀tún sì ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ni pé fíúùsì wà láàyè. Ká ní gúlóòbù kan ló jó, ṣe ni ì bá máa sáré ṣẹ́jú bí ẹni tí eruku kó sí lójú. Kí ló wá kù nà? Súwíìṣì tó wà nídìí sítíárìn ni.

Mo lọ sí Ararọ̀mí ní Gate, wọ́n ní ₦22,000 fún tòkúnbọ̀, ẹni tó ń tà á ò sì jẹ́ kí n dán an wò kí n tó sanwó. Mo bá padà sílé.

Sátidé, lẹ́yìn tí mo fọṣọ tán, mo bọ́ sídìí ẹ̀. Sípánà 10 ni mo fi tú orí bátìrì lápá nẹ́gátíìfù. Corolla 1994 ni, tèmi ò ní airbag. Tí tiyín bá ní in, ẹ má ṣeré lójú sítíárìn yẹn o, ó lè bú gbàù sí yín lójú, kódà tẹ́ ẹ bá ti yọ bátìrì, ó kéré tán ẹ dúró fún 90 sẹ́kọ́ńdù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Mo tú ṣúkúrù ike tó bo ọrùn sítíárìn, mo yọ ìdérí fèrè, nọ́ọ̀tì 19 jókòó sáàárín. Ẹ má tú nọ́ọ̀tì yẹn tán. Mo tú u dé etí, mo fi sílẹ̀ níbẹ̀, mo wá ń mi sítíárìn síwá sẹ́yìn, ìgbà tó máa já, gbì! Nọ́ọ̀tì ló gbà á, ká ní mo ti yọ ọ́ ni, eyín mi ni ì bá gbà á. Mo ti kọ́kọ́ fi Tipp-Ex fa ilà sára sítíárìn àti irin àárín, kó má di pé mọ́tò ń lọ tààrà, sítíárìn ń wo Sángo.

Ibi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún rèé. Mo gbé súwíìṣì lọ sí fàráńdà, bí mo ṣe ṣí ike ẹ̀yìn ẹ̀ báyìí, pín! Bọ́ọ̀lù irin kékeré kan tí ò tó ẹ̀wà olóyin fò lọ, síprín-ìn tó ń tì í náà tẹ̀ lé e. Síprín-ìn já sórí ẹsẹ̀ mi, bọ́ọ̀lù ò sí níbì kankan. A gbálẹ̀, a gbé àga, a gbọn aṣọ mi. Kẹ́hìndé ló ní, "Mọ̀mí, mágínẹ́ẹ̀tì ńkọ́?" Ó lọ mú ti sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, ó ń wọ́ ọ kiri ilẹ̀, ó kó ìṣó méjì àti píìnì irun Táíwò kó tó gbé bọ́ọ̀lù yẹn jáde nídìí ìkòkò òdòdó.

Inú súwíìṣì yẹn, gírísì ti gan bí ọ̀dà, idẹ apá òsì ti jó dúdú, tọ̀tún ṣì ń dán. Mo fi pẹtiróòlù díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù fọ̀ ọ́, mo fi sánpépà tó jọ̀lọ̀ jù ra ojú idẹ jẹ́jẹ́, torí tẹ́ ẹ bá ha á jù, wọn ò ní kan ara wọn mọ́. Gírísì tuntun bíńtín, síprín-ìn, bọ́ọ̀lù, Kẹ́hìndé fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí n tó dé e.

Mo tò ó padà, mo so bátìrì, mo tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀: tọ́, tọ́, tọ́. Mo pariwo débi pé àwọn ará ilé wa yọjú.

Nǹkan kan ló kù. Ìka ike tó máa ń dá ọwọ́ tráfíkétọ̀ padà tí sítíárìn bá ti tọ́ ti kán, ìyẹn ò ṣeé tún ṣe, nítorí náà èmi ni mò ń fọwọ́ dá a padà. Tí mo bá gbàgbé, Kẹ́hìndé á pariwo látẹ̀yìn, "Mọ̀mí, ẹ ṣì ń yà o!"