Bí a ṣe ń tú nọ́ńbà ńlá wò, ká mọ ohun tó wà nínú ẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mú 2,027,025. Ká ní owó èrè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ọlọ́jà kan n'Ípàtà, n'Ílọrin níbí ni, wọ́n fẹ́ pín in dọ́gba ní odindi náírà, láì ku kọ́bọ̀, èèyàn mélòó ló lè pín in? Tẹ́ ẹ bá ti mọ àwọn prime tó kó nọ́ńbà yẹn jọ, ìdáhùn ti dé nìyẹn. Prime ni nọ́ńbà tí nǹkan kan ò lè pín àfi 1 àti òun fúnra ẹ̀, bíi 7, 11, 13. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì gbé calculator o, ìwé àti bírò ni kẹ́ ẹ mú.

Ìdí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. 5 ló gbẹ̀yìn, 2 ò lè pín in láéláé, tórí náà 4, 6, 8 ò lè pín in náà. 25 ló kángun, 25 pín in nìyẹn. Ẹ wá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, 2+0+2+7+0+2+5, ó jẹ́ 18, 9 sì pín 18, á pín odindi nọ́ńbà yẹn náà.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù rèé. Ẹ gé e ní mẹ́ta-mẹ́ta láti ọwọ́ ọ̀tún: 025, 027, 2. Ẹ yọ ìkejì nínú àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ fi ìkẹta kún un: 25−27+2, òdo! Tó bá ti jẹ́ òdo, 7, 11 àti 13 ló pín in lẹ́ẹ̀kan náà, torí 7×11×13 jẹ́ 1,001, 1,000 sì fi ẹyọ kan péré kéré sí i, òun ló jẹ́ ká máa yọ ká máa rò. Tó bá jẹ́ 91 lẹ rí ńkọ́? 7 àti 13 pín 91, 11 ò pín in, bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà ńlá yẹn á ṣe rí.

Ẹ wá fi 1,001 pín in, ó jẹ́ 2,025, ìyẹn 81×25. Gbogbo ẹ̀ wá di 3×3×3×3×5×5×7×11×13.

Iye nọ́ńbà tó lè pín in: ẹ ka bí prime kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó, kẹ́ ẹ fi 1 kún un (torí a lè má mú prime yẹn rárá), kẹ́ ẹ wá sọ wọ́n di púpọ̀. 3 wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó di 5; 5 wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó di 3; àwọn yòókù di 2, 2, 2. 5×3×2×2×2, ó jẹ́ 120. Èèyàn 45 lè pín in, oníkálukú á gba ₦45,045, èèyàn 39 náà á gba ₦51,975, àmọ́ èèyàn 40 ò lè rí i pín.

Tí nǹkan kan bá ṣẹ́kù tí àwọn ọgbọ́n yìí ò ká, bíi 437, ẹ máa fi prime gbìyànjú lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ má kọjá 20, torí 21×21 ti ju 437 lọ. 19 á pín in, á jẹ́ 23.