Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Nikotíìnì, Kaféènì àti Ọtí

Apòògùn ni mí. Ẹni tí ó ń ka èyí ti mọ̀ pé sìgá ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, pé ọtí àmujù ń pani, àti pé kọfí ń lé oorun lọ, nítorí náà n kò ní padà sórí ìyẹn. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni owó àti ìgbìyànjú tí àwọn ènìyàn ń fi ṣòfò nítorí pé wọn kò mọ bí àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe ń wọ ara àti bí wọ́n ṣe ń jáde. Èyí tí ó dùn mí jù ni ti àwọn tí wọ́n fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá, tí wọ́n ti ṣe ìpinnu tí ó le jù, tí ohun kékeré wá gbé wọn ṣubú.

Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe jẹ ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì, èyí tí a fi ń jáwọ́ nínú sìgá, bí ọmọdé ṣe ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Mo ti sọ èyí títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan da páálí mẹ́rin sórí káńtà níwájú mi, ó ní ayédèrú ni mo tà fún òun, pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí òun ti ń jẹ ẹ́, inú ń run òun, ọkàn òun kò sì kúrò lára sìgá. Mo ní kí ó jẹ ẹyọ kan lójú mi. Ó jù ú sẹ́nu, ó ń rún un wàmùwàmù, ó ń gbé itọ́ rẹ̀ mì, ó sì ń fi kọfí tí ó mú dání sìn ín. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí òsúkè fi mú un. Kò sí ohun tí ó ṣe òògùn náà. Ikùn ni ó ń dà á sí.

Ara inú ẹnu ni ó yẹ kí nikotíìnì yìí gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí a bá gbé mì ní láti kọ́kọ́ gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá, ẹ̀dọ̀ yóò sì ti fọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó dé ọpọlọ. Òsúkè àti inú rírun ni ènìyàn yóò fi rí jẹ. Kọfí tún ba ọ̀ràn náà jẹ́, nítorí pé ohun mímu tí ó bá kan, ìbáà ṣe kọfí, omi ọsàn tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kì í jẹ́ kí nikotíìnì gba ara ẹnu wọlé dáadáa. Ẹ fi ìṣẹ́jú 15 sílẹ̀ lẹ́yìn irú ohun mímu bẹ́ẹ̀, ẹ má sì mu ún nígbà tí ṣingọ́ọ̀mù bá wà lẹ́nu. Ẹ rọra rún un títí ẹnu yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta bíi ti ẹni tí ó jẹ ata, kí ẹ wá dúró, kí ẹ tì í sáàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì. Nígbà tí títa náà bá lọ, ẹ tún un rún, kí ẹ sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹyọ kan ṣoṣo yóò lò tó ìdajì wákàtí.

Ẹ má sì dúró di ìgbà tí òùngbẹ sìgá bá ti gbà yín lọ́kàn tán. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20 ni nikotíìnì inú èéfín ń dé ọpọlọ, ṣùgbọ́n ti ṣingọ́ọ̀mù ń rọra bọ̀ ni. Bákan náà, ẹni tí ó bá ń mu sìgá àkọ́kọ́ láàárín ìdajì wákàtí tí ó jí, tí ó wá ra oní mílígíráàmù 2 dípò oní mílígíráàmù 4, kò tíì ra ohun tí yóò tó o. Ọkùnrin tí mo sọ yìí a máa tan sìgá kí ó tó bọ́jú, oní mílígíráàmù 2 ni ó sì rà.

Ẹ̀kejì, ẹ má ṣe gbàgbé kọfí lọ́jọ́ tí ẹ bá pa sìgá tì. Àwọn èròjà kan wà nínú èéfín sìgá tí wọ́n ń mú kí ẹ̀dọ̀ pèsè CYP1A2 lọ́pọ̀, ìyẹn ẹ́ńsáìmù kan, èròjà tí ara fi ń fọ́ nǹkan, ẹ́ńsáìmù yìí kan náà ni ó sì ń fọ́ kaféènì inú kọfí. Ìdí nìyí tí kaféènì fi ń tètè kúrò lára ẹni tí ó ń mu sìgá, ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ti ẹni tí kì í mu ún. Bí èéfín bá dáwọ́ dúró, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù náà yóò dínkù, ife kọfí márùn-ún tí kò ṣe ènìyàn ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀ yóò sì wá dà bí mẹ́wàá. Èéfín ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí, kì í ṣe nikotíìnì, nítorí náà àlẹ̀mọ́ nikotíìnì tí a ń lẹ̀ mọ́ awọ kò lè dí i.

Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí, ó sì ń dùn mí títí di òní. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, obìnrin kan tí ó ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án láìmu sìgá wá bá mi, ó ní àyà òun ń já, oorun kò sì kun òun mọ́. Mo rò pé ara rẹ̀ ń bèèrè nikotíìnì, mo sì fún un ní àlẹ̀mọ́ tí ó lágbára jù. N kò bi í léèrè kọfí rárá. Kò pẹ́ tí ó padà sídìí sìgá, ó sì sọ fún mi pé ara òun kò gbà á. Láti ìgbà náà, kọfí ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè, mo sì máa ń sọ pé kí wọ́n dín in kù sí ìdajì. Ẹni tí ó bá ń lo clozapine tàbí olanzapine, àwọn òògùn àrùn ọpọlọ, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà rẹ̀ kí ó tó pa sìgá tì, nítorí pé àwọn òògùn wọ̀nyí náà lè pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ bákan náà.

Àwọn àṣìṣe mìíràn kò gba àlàyé gígùn. Ẹ má ṣe lẹ àlẹ̀mọ́ mọ́ ibì kan náà lára lójoojúmọ́. Ẹ má ṣe mu kọfí ní ìrọ̀lẹ́ kí ẹ wá máa ra òògùn oorun, nítorí pé ìdajì kaféènì rẹ̀ lè wà lára lẹ́yìn wákàtí márùn-ún. Ẹ má ṣe fi ṣíbí bu ìyẹ̀fun kaféènì pọ́ńbélé. Ṣíbí kékeré kan péré lè pànìyàn. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ kọjá mílígíráàmù 200 kaféènì lóòjọ́, nítorí pé ara rẹ̀ kì í tètè lé e jáde.

Ẹ má ṣe fi kọfí wá ojú dídá lẹ́yìn ọtí. Nǹkan bí gíráàmù 7 sí 10 ọtí ni ẹ̀dọ̀ ń fọ́ ní wákàtí kan, yálà ènìyàn mu kọfí tàbí ó wẹ omi tútù. Ìgò bíà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlílítà 500, tí agbára rẹ̀ sì jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ní nǹkan bí gíráàmù 40, ó sì lè gba ẹ̀dọ̀ ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Ohun tí kaféènì ń ṣe ni pé ó ń dí ojú ibi tí adenosine, èròjà tí ń fa oorun, ń dúró sí nínú ọpọlọ. Ojú ẹni náà yóò là, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ lórí ọkọ̀ yóò ṣì lọ́ra.

Níkẹyìn, ẹni tí ó ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó pa sìgá tì yóò kanra, ẹni tí ó pa kọfí tì yóò ní orí fífọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n àìrí ọtí mu lójijì lè pa ẹni tí ọtí ti wọ̀ lára. Ọpọlọ rẹ̀ ti ń fi agbára kún agbára kí ó má baà sùn sábẹ́ ọtí, nígbà tí ọtí bá sì kúrò, agbára yẹn kò ní ohun tí yóò dì í mú mọ́. Gìrì lè mú un láàárín wákàtí 6 sí 48. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ni ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìrànrán, kí ó máa rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí. Bí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n ní òwúrọ̀ títí ẹ ó fi mu ife àkọ́kọ́, ẹ lọ bá dókítà kí ẹ tó dáwọ́ dúró, kí ó fún yín ní òògùn tí yóò mú kí ọpọlọ rọlẹ̀ àti fítámì B1, kí ẹnìkan sì wà lọ́dọ̀ yín tọ̀sán-tòru fún àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn.