Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ẹ̀rọ Rédíò Kékeré Láti Máa Ṣọ́ Omi Táǹkì Oko

Ní àwọn oko tó wà ní agbègbè Kuje àti Gwagwalada, táǹkì lè jìnnà sílé débi pé omi á ti kún, á máa ṣàn dànù, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ẹ̀rọ rédíò nRF24L01+ méjì àti pátákó Arduino Uno méjì (kọ̀ǹpútà kékeré tí a ń kọ kóòdù sí) lè máa ròyìn ipò omi fún ará ilé láìsí síìmù, láìsan owó dátà.

Ọ̀rọ̀ iná ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú, nítorí iná tí kò dúró déédéé ló sábà ń fa ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní àṣìṣe kóòdù. Fólìtì 1.9 sí 3.6 ni ẹ̀rọ yìí ń lò, nítorí náà ojú 3.3V lórí Uno ni kí ẹ so VCC rẹ̀ (ẹsẹ̀ tí iná ń gbà wọlé) mọ́, ẹ má ṣe so ó mọ́ 5V rárá. Ẹ fi capacitor 10 µF (ohun kékeré tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́) sáàárín VCC àti GND (ẹsẹ̀ tí iná ń gbà padà), kó súnmọ́ ẹ̀rọ náà gan-an, kí ẹsẹ̀ tó ní àmì ìyọkúrò sì wà ní GND. Irú ẹ̀rọ rédíò yìí tó ní eriali gígùn ń jẹ iná ju ohun tí ojú 3.3V Uno lè pèsè lọ, ó sì yẹ kó ní orísun iná tirẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ so àwọn ẹsẹ̀ tí ẹ̀rọ rédíò fi ń bá Uno sọ̀rọ̀ mọ́ àwọn ojú tó ní nọ́ńbà lórí Uno: SCK lọ sí 13, MISO sí 12, MOSI sí 11. Bí ẹ bá so CE mọ́ 9 àti CSN mọ́ 10 (ẹsẹ̀ méjì tí Uno fi ń darí rédíò), ẹ kọ RF24 radio(9, 10) sínú kóòdù; RF24 ni àkójọ kóòdù tí a ń lò fún ẹ̀rọ yìí.

Ìkànnì, àdírẹ́sì àti ìyára gbọ́dọ̀ bára mu ní ìhà méjèèjì. Nọ́ńbà ìkànnì ni a ń fi kún 2400 MHz, nítorí náà 76 túmọ̀ sí 2476 MHz, èyí tó ti kọjá ibi tí ìkànnì 11 Wi-Fi parí sí. Ẹ yan RF24_250KBPS, nítorí ìyára tó lọ sílẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìròyìn dé ọ̀nà jíjìn. Báìtì 32 ni ìròyìn kan lè gbà mọ, ó sì pọ̀ ju ohun tí ipò omi nílò lọ.

Ẹ dán wọn wò lórí tábìlì kan náà kí ẹ tó gbé wọn lọ sóko. Omi máa ń gba agbára ìgbì rédíò yìí, nítorí náà ẹ má ṣe fi táǹkì sáàárín ẹ̀rọ méjèèjì, kí ẹ sì gbé eriali ga ju àgbàdo lọ, pàápàá nígbà òjò tí ewé rẹ̀ ń tutù. Àpótí ike ni kí ẹ fi dáàbò bò ó, kì í ṣe ti irin.

Ó ṣe pàtàkì gidigidi pé kí ẹ̀rọ tó wà nílé tan iná pupa bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá kọjá láìsí ìròyìn, kí ará ilé má baà gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ sí pé omi ṣì wà.