Bí mo ṣe pààrọ̀ bọ́ọ̀ṣì iwájú Corolla mi ní Adó-Èkìtì

Ọkọ̀ tó ti dàgbà kì í ṣàì pariwo, ṣùgbọ́n ariwo kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ti ń wá. Ti Corolla 2005 tí mo ń wà, "gbì" ẹyọ kan ni. Bí mo bá tẹ bíréèkì, gbì. Bí mo bá fi í sí rìfáàsì láti jáde nínú ọgbà ilé ìwé, gbì. Bí mo bá wá gba ojú ọ̀nà Ìkéré tí gálọ́ọ̀pù kéékèèké pọ̀ sí, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe línkéèjì, irin kékeré tó so ọ̀pá abẹ́ ọkọ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀kù. Línkéèjì tó ti jẹ kì í dákẹ́ lórí gálọ́ọ̀pù, kọ́kọ́kọ́ ni yóò máa dún títí ẹ ó fi délé. Bọ́ọ̀ṣì lówà áàmù, ìyẹn rọ́bà onírin tó so apá irin ìsàlẹ̀ táyà mọ́ ọkọ̀, ní tirẹ̀, ìgbà tí nǹkan bá ti táyà síwájú tàbí sẹ́yìn ló máa ń fọhùn.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ṣọ́ọ̀kù àti sípíríǹgì ló di táyà iwájú Corolla mú lókè, irú èyí tí wọ́n fi orúkọ MacPherson pè. Kò sí áàmù kankan lókè. Áàmù ẹyọ kan tó wà nísàlẹ̀ ló ń dá táyà dúró kó má baà lọ síwájú tàbí sẹ́yìn, bọ́ọ̀ṣì méjì ló sì so áàmù náà mọ́ férémù, irin ńlá tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì: kékeré níwájú, ńlá lẹ́yìn. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, rọ́bà inú bọ́ọ̀ṣì méjèèjì ló ń gba ìyà rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n, pẹ̀lú àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹsẹ̀ èèyàn kì í fi í kúrò lórí bíréèkì, kò ní bi mí ohun tó jẹ bọ́ọ̀ṣì mi.

Kí n tó ra ohunkóhun, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní kí ọmọ aládùúgbò wa jókòó sídìí sitiárìn, kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa, kó máa gbé gíà láti díráìfù sí rìfáàsì, kó tún gbé e padà. Èmi lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ níbi tó jìnnà díẹ̀ (ẹ má dúró síwájú tàbí sẹ́yìn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, bó ti wù kí ẹ fọkàn tán ẹni tó wà nínú rẹ̀). Táyà ọwọ́ òsì rìn nínú fẹ́ńdà. Ọkọ̀ ò kúrò lójú kan, táyà nìkan ló sún síwájú, tó sún padà. Lẹ́yìn náà mo gbé iwájú ọkọ̀ sókè, mo gbé e lé sítáǹdì, mo ki kúróbà, ọ̀pá irin gbọọrọ, bọ àárín áàmù àti férémù, mo fi mì í díẹ̀. Rọ́bà tó dára náà máa ń mì díẹ̀. Tèmi mì títí irin fi kan irin. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, rọ́bà bọ́ọ̀ṣì ńlá ti sán yípo, eruku pupa ti kún ojú ibi tó sán. Inú táyà náà sì ti ń jẹ, ìta rẹ̀ ṣì dára.

Mẹkáníìkì mi ní kí n kúkú ra odidi áàmù tòkunbọ̀. Mo mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀: á tú ti tẹ́lẹ̀, á de tuntun, iṣẹ́ parí, kò sí ìnira títẹ bọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n rọ́bà inú áàmù tòkunbọ̀ lè ti pẹ́ tó tèmi, ó sì ti sùn sínú oòrùn ní àgbàlá ẹni tó ń tà á. Áàmù tèmi kò tẹ̀, kò dípẹtà débi tó fi máa jẹrà. Bọ́ọ̀jọ́ìnì rẹ̀, oríkèé tó so áàmù mọ́ ibi tí táyà jókòó sí, kò sì lẹ̀ mọ́ ọn, bọ́ọ̀tì kan àti nọ́ọ̀tì méjì ló dè é. Mo ra bọ́ọ̀ṣì nìkan. Nígbà tí mo fẹ́ rà á, mo wo ẹnu páìpù irin tó wà láàárín, bóyá ó ní eyín kéékèèké tó máa ń jẹ mọ́ férémù, mo sì wò ó bóyá rọ́bà lẹ̀ mọ́ irin yípo láìsí àlàfo. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí rọ́bà wọn ti ń ṣí nínú ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn.

Kí táyà tó kúrò nílẹ̀, mo ṣe ohun kan tó jọ eré lójú àwọn tó ń wò mí. Mo fi téèpù wọn ọkọ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, láti àárín táyà títí dé etí fẹ́ńdà lókè, lọ́tùn-ún àti lósì. Mo kọ nọ́ńbà méjèèjì sára ògiri. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn wà níbẹ̀ ná.

Mo ti fi WD-40, òróró tó ń tú ìpẹtà, rin àwọn bọ́ọ̀tì láti alẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún kò fún mi ní wàhálà. Mo tú bọ́ọ̀jọ́ìnì kúrò lára áàmù, mo tú bọ́ọ̀tì tó di áàmù mọ́ férémù, ó bọ́. Ọwọ́ òsì ni ẹjọ́ wà. Ọ̀tọ́mátíìkì ni ọkọ̀ mi, gíàbọ́ọ̀sì rẹ̀ sì dí ẹnu ọ̀nà. Bọ́ọ̀tì iwájú áàmù tú, ó jáde débì kan, orí rẹ̀ kan gíàbọ́ọ̀sì, kò sì sí ibi tó lè gbà mọ́. Àwọn kan máa ń gé bọ́ọ̀tì náà níbẹ̀. Èmi fi jáàkì kejì àti pákó gbé ẹ́ńjìnnì ró, mo wá dẹ àwọn bọ́ọ̀tì férémù, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí bọ́ọ̀tì fi rí ọ̀nà kọjá. Ara férémù yìí ni ráàkì sitiárìn jókòó sí, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ púpọ̀. Ẹ sì ti sitiárìn pa kí táyà wà ní gbọọrọ, tórí bó bá yí gbirigbiri, wáyà tó lọ sí ẹ́ábáàgì nínú rẹ̀ máa já. Mo tún fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ojú férémù àti ara ọkọ̀ kí n lè dá a padà síbi tó wà gẹ́lẹ́.

Láti ibẹ̀ mo gbé áàmù méjèèjì lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ní pírẹ́sì, ẹ̀rọ tó ń fi agbára tẹ nǹkan wọlé tàbí jáde. Kí n tó gbé e fún wọn, mo ti fi ṣísẹ́ẹ̀lì sàmì sára áàmù. Bọ́ọ̀ṣì ńlá yìí ní ihò méjì nínú rọ́bà, àwọn tó ṣe ọkọ̀ kò sì ṣèèṣì fi ihò náà síbẹ̀: ibi tí ihò bá kọjú sí ni rọ́bà á ti rọ̀, ibi tí rọ́bà bá ti kún ni á ti le. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ wọlé ní ìdàkudà, ọkọ̀ á rọ̀ níbi tó yẹ kó ti le, bọ́ọ̀ṣì tuntun á sì tètè sán.

Bàbá wò ó, wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká dáná sun rọ́bà yìí, kíá ló máa bọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fi pírẹ́sì tì í. Èéfín rẹ̀ ò dáa fún àyà wa."

"Ṣé ẹ tún fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e sórí pírẹ́sì.

Èmi gan-an ni mo kọ́ nǹkan níbẹ̀. Bàbá ní garawa kan tó kún fún òrùka béárìn àtijọ́, ńlá àti kékeré. Wọ́n ń fi wọ́n wọn bọ́ọ̀ṣì lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi rí èyí tó bá etí irin ìta rẹ̀ mu láìkan rọ́bà. Òun ni pírẹ́sì tẹ̀. Wọ́n gbé páìpù gbọọrọ kan sí abẹ́ áàmù kí bọ́ọ̀ṣì lè rí ibi jábọ́ sí. Bí èèyàn bá tẹ rọ́bà tàbí páìpù àárín, rọ́bà á já kúrò lára irin, bọ́ọ̀ṣì tuntun á di àtijọ́ kó tó dé abẹ́ ọkọ̀. Mẹ́ta jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìkẹrin ti bá ìpẹtà mulẹ̀, rọ́bà jáde, irin ìta kọ̀. Bàbá tú abẹ ayùn irin, wọ́n ki abẹ náà bọ inú ihò, wọ́n rẹ́ irin náà ní gígùn rẹ̀, wọ́n sì ń dúró lóòrèkóòrè láti fọwọ́ pa á kí ayùn má baà jẹ ara áàmù. Wọ́n fi ṣísẹ́ẹ̀lì gbá etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ká kò.

Wọ́n fi sáńpépà nu inú ihò, a fi omi ọṣẹ pa ara bọ́ọ̀ṣì tuntun, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ wọlé níbi àmì mi. Ọmọ iṣẹ́ wọn ti gbé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wá, mo ní rárá. Ọ́ìlì máa ń mú kí rọ́bà wú, kó sì rà.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sí mi jù rèé. Bọ́ọ̀ṣì irú èyí kì í yí. Bí ẹ bá de bọ́ọ̀tì rẹ̀ le, páìpù àárín á dúró gbọn-in mọ́ férémù, irin ìta á dúró gbọn-in mọ́ áàmù, rọ́bà tó wà láàárín ni á máa lọ́ bí táyà ti ń lọ sókè sódò. Ipò tí áàmù bá wà nígbà tí ẹ de bọ́ọ̀tì ni rọ́bà á máa kà sí ìsinmi. Ní ọ̀pọ̀ wọ́kíṣọ́ọ̀bù, ìgbà tí ọkọ̀ ṣì wà lókè, tí táyà ń rọ̀ dirodiro, ni wọ́n ń de é pinpin. Bí ọkọ̀ bá wá sọ̀ kalẹ̀, rọ́bà ti lọ́ kó tó rìn rárá. Bí ọkọ̀ bá dúró sínú ilé ní gbogbo òru, rọ́bà á ṣì wà ní lílọ́. Á sán láìpẹ́, wọ́n á ní ọjà Ṣáínà ni.

Nítorí náà ọwọ́ lásán ni mo kọ́kọ́ fi de gbogbo bọ́ọ̀tì áàmù. Mo dá férémù padà sójú àmì ṣọ́ọ̀kì, mo de ìyẹn le, mo de bọ́ọ̀jọ́ìnì. Lẹ́yìn náà mo gbé jáàkì sí abẹ́ ìpẹ̀kun áàmù nítòsí bọ́ọ̀jọ́ìnì, mo ń gbé e lọ sókè, téèpù wà lọ́wọ́ mi, títí àlàfo láti àárín irin tí táyà ń jókòó sí dé etí fẹ́ńdà fi bá nọ́ńbà tó wà lára ògiri mu. Sítáǹdì ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, mi ò fi ara mi sí abẹ́ jáàkì nìkan. Níbẹ̀ ni mo wá ti de bọ́ọ̀tì bọ́ọ̀ṣì le, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì. Sípánà tó ń wọn agbára ni mo yá lò, òun náà ni mo fi de nọ́ọ̀tì táyà sí 103 Nm bí Toyota ṣe ní kó rí.

Mo gbé e lọ ṣe aláìnmẹ́ǹtì, ìyẹn títo táyà kó lè tọ́, tórí kò sí bí áàmù ṣe máa kúrò kó padà tí táyà ò ní yà díẹ̀. Ẹ má ṣe é ṣáájú bọ́ọ̀ṣì o, owó yín á ṣègbé. Láti ibẹ̀ mo gba Ìkéré lọ, mo ń tẹ bíréèkì lójijì níbi tí kò sí ọkọ̀ lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo fi máa rí òkè Olósùnta, mi ò tíì gbọ́ gbì kankan, sitiárìn sì dúró ṣánṣán bí mo tiẹ̀ dẹ ọwọ́ lára rẹ̀. Ó kàn le díẹ̀ lórí kòtò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, rọ́bà tuntun ló fà á.

Bọ́ọ̀ṣì méjì tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, mo ti ki kúróbà bọ̀ wọ́n, wọn kò tíì sán. Ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún ni ọ́ìlì ti ń jò lára rẹ̀, òun ló kàn, tí owó bá ti wọlé.