Àṣìṣe tó ń mú kí owó wa há sí báńkì

Tí kàjú bá ti tán lóko, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Ìkòyí-Ilé àti Ajáàwà ni kì í dé báńkì ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n gbà pé owó téèyàn ò fọwọ́ kàn kò lè ní wàhálà. Àṣìṣe ni. Ìlànà tí báńkì àpapọ̀, ìyẹn CBN, gbé jáde lóṣù keje ọdún 2024 sọ pé àkáǹtì tí owó kò wọlé sí, tí owó kò sì jáde níbẹ̀ fún oṣù 6, ti dákẹ́. Tó bá pé ọdún 1, ó ti sùn nìyẹn, owó inú rẹ̀ á há títí ẹ ó fi ṣí i padà. Owó àlẹ́ẹ̀tì tí báńkì fúnra rẹ̀ ń yọ kò sí nínú ohun tí wọ́n ń kà. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà tí ẹ bá fi síbẹ̀ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta ti tó.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn tó máa dé orí káńtà, tí wọ́n á gbọ́ pé àkáǹtì ti sùn, tí wọ́n á ṣépè, tí wọ́n á sì kọrí sílé. Báńkì ò jẹ owó yín. Kódà tó bá sùn fún ọdún 10, tí wọ́n kó owó náà lọ sọ́dọ̀ CBN, tiyín ṣì ni. Ẹ ó béèrè nípasẹ̀ báńkì yín, ìlànà náà sì ní kó padà sọ́wọ́ yín láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10. Ṣíṣí àkáǹtì padà kì í gba owó. Ẹ ṣáà mú fọ́tò, NIN àti BVN dání; ẹni tí kò mọ̀wé lè tẹ̀ka.

Ẹ má sì sun ìwé báńkì àtijọ́ torí pé orúkọ báńkì náà ti pòórá. Mo rí ìyá kan ní Tàkìé tó di ìwé Co-operative Bank sínú ọ̀rá, ewé rẹ̀ ti pọ́n bí iyán àná tí wọ́n dà sí epo. Báńkì àwọn oníkòkó yẹn wọnú Skye Bank ní 2006, Skye náà di Polaris ní 2018. National Bank wọnú Wema ní 2005. Ibẹ̀ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé náírà ayé ọjọ́un lè má ra páànù gàárì kan mọ́. Ti báńkì kékeré tí CBN ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀, NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó téèyàn fi pamọ́ sí báńkì, ni kí ẹ lọ bá.

Síìmù tí ẹ fi ṣí àkáǹtì ńkọ́? Nọ́ḿbà tí ẹ ò bá lò fún oṣù 6, wọ́n lè pa á. Tó bá tún pé oṣù 6 míì, wọ́n lè fún ẹlòmíì. Àlẹ́ẹ̀tì owó yín á wá máa dún nínú fóònù ẹni tí ẹ ò mọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ nọ́ḿbà ni kí ẹ sọ fún báńkì.

Oní-POS abúlé ń ṣe wá lóore, ìyẹn ò ní kí ẹ fi káàdì àti píìnì sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ pé ọjọ́ ọjà lẹ ó padà wá. Kò lágbára láti ṣí àkáǹtì tó ti sùn. Ẹni tó bá pè yín pé òun lè ṣe é lórí fóònù, tó ń béèrè nọ́ḿbà àṣírí tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, olè ni.

Ọ̀rọ̀ ikú le díẹ̀. Ẹni tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù gẹ́gẹ́ bí ìbátan kọ́ ló máa kó owó náà. Ìwé àṣẹ láti ilé ẹjọ́ ni báńkì máa béèrè lọ́wọ́ ẹbí, ó sì ń pẹ́. Èyí tó tún burú ni kí àwọn ọmọ má tilẹ̀ mọ báńkì tí bàbá ń lò. Ẹ sọ orúkọ báńkì àti nọ́ḿbà àkáǹtì fún ọmọ kan tó lójú àánú. Píìnì ni kí ẹ má sọ.